Epo Tí Alùpùpù Tuntun Mi Ń Mu Lójú Ọ̀nà Moníyà sí Ìsẹ́yìn

Aṣọ òkè ni mo ń tà. Ọwọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni mo ti ń rà á, Ìbàdàn ni mo ń kó o wá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì máa ń gba ọ̀nà Moníyà sí Ìjàyè sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65 ní àlọ, kìlómítà 65 ní àbọ̀. Nígbà tí ọ̀nà náà ṣì kún fún kòtò, ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀, mo sì ń fara da gbogbo ìdádúró tí ó bá a wá. Lẹ́yìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un ṣe tán, ó hàn sí mi pé ẹni tí ó bá ní alùpùpù tirẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ kí oòrùn tó mú, yóò sì ṣa èyí tí ó dára jù nínú àlàárì àti ẹtù kí àwọn oníbàárà tí ń bọ̀ láti Èkó tó dé. Bí mo ṣe ra Bajaj Boxer 150 tuntun ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 nìyẹn. Inú páálí ni wọ́n ti yọ ọ́, níṣojú mi ni wọ́n to ọwọ́ àti táyà mọ́ ọn, míítà rẹ̀ sì ka kìlómítà 12 nígbà tí mo kọ́kọ́ rọ epo kún inú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rántí bí owó epo ṣe rí nígbà náà kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń ṣírò rẹ̀. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200; nígbà tí èmi fi ra alùpùpù, ó ti kọjá ₦1,000. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún pé mo ra tuntun ni ó sọ iye kìlómítà tí tirẹ̀ ń rìn lórí lítà kan fún mi, kò sì sí ẹni tí iye tirẹ̀ kò tó 60 nínú wọn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Tèmi kò tó 40.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ni ó ń ṣe àkọsílẹ̀ owó ọjà wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣí ìwé sílẹ̀ níwájú mi, ó fi bírò tọ́ka sí iye owó epo, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ṣé alùpùpù yìí nìkan ni ó ń mu epo yìí, àbí ẹ ń rọ ọ́ fún ẹlòmíràn?” Mo fi ẹ̀rín gbé e jẹ, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní ìwé ilé-ìwé kan nínú èyí tí ó rà fún àwọn ọmọ, ó ní kí n máa kọ kìlómítà àti lítà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá rọ epo, kí a lè mọ ohun tí a ń sọ. Ìwé náà ni mo fi ń kọ ìrírí yìí, ọ̀pọ̀ ohun tí mo rò pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó sì já ní irọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ iye epo tí alùpùpù ń mu, ó ní láti mọ bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ yìí kò sì rọrùn tó bí ó ṣe rí lójú. Boxer tèmi kò ní míítà kékeré tí ènìyàn lè dá padà sí òdo, nítorí náà iye tí ó wà lójú míítà ńlá ni mo ń kọ, tí mo sì ń yọ ti ìṣáájú kúrò nínú rẹ̀. Orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni mo máa ń gbé e dúró sí, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì tí ó wà láàárín, nítorí pé bí a bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ dúró, táńkì yóò fì sí apá kan, epo yóò sì dà bí ẹni pé ó kún nígbà tí àyè ṣì wà lápá kejì. Mo ń jẹ́ kí epo dé etí irin tí ó wà lábẹ́ ọmọrí, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n rọ ₦3,000 sí i lónìí, tí ó ní ₦5,000 lọ́la, tí ó wá ń wo abẹ́rẹ́ táńkì kí ó tó sọ̀rọ̀, àbá ni ó ń dá. Mo tún yẹ míítà náà wò pẹ̀lú ọ̀nà tí mo mọ gígùn rẹ̀: láti Moníyà dé Ìsẹ́yìn, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ju kìlómítà kan lọ, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìwé kọ́kọ́ sọ nìyí. Láti kìlómítà 12 dé 278, epo tí ó wọlé jẹ́ lítà 7.1, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 37.5 lórí lítà kan. Láti 278 dé 531, lítà 6.6 ni, ìyẹn 38.3. Inú bí mi. Mo gùn ún lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, epo ló pọ̀ jù nínú kábúrétọ̀ yín. Wọ́n kì í tò ó dáadáa bí wọ́n bá ti yọ ọ́ nínú páálí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sé e.”

Ó pààrọ̀ ọ́ìlì fún mi lọ́jọ́ náà, ohun rere kan ṣoṣo tí ó ṣe nìyẹn. Nígbà tí ọ́ìlì àkọ́kọ́ dà sínú ike, mo rí i tí nǹkan wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bu iyanrìn etí odò sí omi: ìyẹ̀fun irin ni, tí àwọn gíà àti ríìngì tuntun, ìyẹn òrùka irin inú ẹ́ńjìnnì, ń họ kúrò lára ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tú kábúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ gígùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń lọ sókè sódò nínú ihò tí epo ń gbà jáde, ìkọ́ kékeré kan sì wà lórí abẹ́rẹ́ náà tí a lè sún láti ojú kan sí òmíràn. Ó sún ìkọ́ yìí sókè kí abẹ́rẹ́ lè sọ̀ sínú ihò náà sí i, kí epo tí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá dínkù. Ó tún yí ìdè kékeré, ìyẹn síkúrù, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ.

Láti 531 dé 806, lítà 6.1 ni alùpùpù mu. Kìlómítà 45.1 lórí lítà kan! Mo fi ìwé han Ìyá Ìbejì pẹ̀lú ìgbéraga, mo sì fi iṣẹ́ ọmọkùnrin náà yangàn níbi gbogbo. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà fi yí padà. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù aṣọ tí ó tó kílò 50, mo kọjá afárá odò Ògùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo fún un níná, ìyẹn ni pé mo yí ọwọ́ tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo, kò dáhùn. Mo tún fún un sí i, ó kàn ń kígbe bí ẹni tí eegun há lọ́fun. Bí mo bá fi iná sílẹ̀, sàlẹ́ńsà yóò máa yìnbọn pó, pó, pó. Ooru tí ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ń jó mi ní ojúgun láti inú ṣòkòtò. Mo dúró lábẹ́ igi kan, mo sì rí i pé paipu tí ó jáde láti ẹnu ẹ́ńjìnnì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ní àwọ̀ aró díẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ alùpùpù náà kò tíì pé oṣù méjì.

Ọ̀la rẹ̀ ni mo padà sí Ìsẹ́yìn láìru ẹrù, nítorí pé ahunṣọ kan tí mo ń bá rajà ti sọ fún mi nípa bàbá kan níbẹ̀ tí ó ti ń tún alùpùpù ṣe láti ayé Suzuki AX100. Bàbá náà kò bi mí ní nǹkan kan. Ó tú púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì nà án sí mi. Ibi tí iná ti ń ṣẹ́ lára rẹ̀ ti funfun bí egungun tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn.

“Ta ni ó fọwọ́ kan èyí?”

“Bàbá, èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi dín epo kù.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. O ń fi owó epo pamọ́ kí o lè fi ra pisítìnnì.” Ó nu púlọ́ọ̀gì náà mọ́ aṣọ rẹ̀. “Epo tí ò ń sá fún yìí, òun náà ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí ó bá kéré jù, iná á gbóná jù. Púlọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ dá, bí èèpo ẹ̀pà ni ó máa ń rí. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun báyìí, ebi ń pa á.”

Nígbà tí mo padà délé ni mo wá ṣe ìwádìí ohun tí bàbá ń sọ. Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán pátápátá láìṣẹ́kù, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bí 14.7 ni ó gbọ́dọ̀ pàdé ìwọ̀n epo kan, nípa ìwúwo. Bí epo bá pọ̀ jù, apá kan rẹ̀ yóò bá èéfín jáde láìṣe iṣẹ́ kankan. Bí ó bá dín díẹ̀, owó yóò dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dín jù, pàápàá nígbà tí ẹrù wúwo tí iná sì ṣí gbayawu, ooru yóò pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, agbára yóò sì dínkù, èyí sì burú fún ẹ́ńjìnnì tuntun ju fún ti àgbà lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tuntun ti ń gbóná tẹ́lẹ̀ nípa ìfararọ́ra tirẹ̀ nìkan.

Bàbá dá abẹ́rẹ́ àti ìdè padà sí ibi tí wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi tò ó bí ó ti yẹ nígbà tí ó ti tú u, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Ara ẹ́ńjìnnì yìí kò tíì là. Èyí tí mo bá tò lónìí, kò ní bá a mu lóṣù méjì sí i. Lọ máa gùn ún. Nígbà tí ó bá kọjá 2,000, kí o padà wá.” Kò gbà ju owó púlọ́ọ̀gì tuntun lọ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí ó ń pè ní kí ara là yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń gbójú fò. Inú sílíńdà tuntun, ihò tí irin tí à ń pè ní pisítìnnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, kò dán bí dígí. Wọ́n dìídì fi òkúta ìlọ̀ fa ìlà wẹ́wẹ́ tí ó dábùú ara wọn sí i lára, kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí, kí ríìngì pisítìnnì sì lè rí ibi fi ara ha títí tí yóò fi bá ògiri sílíńdà mu regí. Kí wọ́n tó bá ara wọn mu, afẹ́fẹ́ tí ń jó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì kọjá sísàlẹ̀, agbára kan sì ń ṣòfò sórí ìhara náà. Bí ìdámẹ́rin péré nínú agbára tí ó wà nínú epo ni ó ń dé orí táyà nínú irú ẹ́ńjìnnì báyìí, kódà nígbà tí ó bá ti là. Ìyókù di ooru. Nítorí náà, ìhara díẹ̀ tí ó bá kúrò láàárín kò ní ṣàì hàn nínú ìwé epo.

Bí mo ṣe gùn ún ní àkókò yìí kò ní àrà kankan nínú. Mo ń jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ kí n tó gbéra. N kò kọjá kìlómítà 50 ní wákàtí kan títí tí ó fi pé 1,000, n kò sì jẹ́ kí ó dúró sí eré kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́; mo ń sáré díẹ̀, mo ń rọra díẹ̀. Ohun tí ó ṣòro fún mi jù ni kí n má fi gíà tí ó ga gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé gíà tí ó ga ni ó ń dín epo kù, láìka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ mi sí. Ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́, kò sì dín nǹkan kan kù, nítorí pé mo ní láti ṣí iná tán kí ó tó lè fà.

Láti 806 dé 1,093, kìlómítà 41.6 lórí lítà kan. Láti ibẹ̀ dé 1,398, ó di 43. Ẹ kíyè sí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kábúrétọ̀: bí ó ṣe wà nígbà tí ó ń rìn 37.5 ni ó ṣì wà. Bí mo bá ti ní sùúrù fún oṣù kan, n kò bá má ti fi ẹ́ńjìnnì mi wewu.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé náà rú mi lójú. Láti 1,398 dé 1,702, èyí tí ó jẹ́ kìlómítà 304, ẹ̀rọ ilé epo ka lítà 8.9. Ìyẹn jẹ́ 34, ó burú ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Mo wo ilẹ̀ lábẹ́ alùpùpù bóyá epo ń jò, n kò rí nǹkan. Mo gbóòórùn rẹ̀, n kò gbọ́. Ìyá Ìbejì ni ó béèrè ìbéèrè tí ó yẹ: “Ṣé ibi tí ẹ ti ń rọ epo tẹ́lẹ̀ náà ni?” Kì í ṣe ibẹ̀. Ilé epo mìíràn ni, nítorí pé èrò pọ̀ níbi tí mo ti ń rọ ọ́. Mo mú kéègì lítà 5 kan, mo fi ìgò omi tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ wọn omi sínú rẹ̀, mo fi bírò sàmì sí ibi tí lítà 5 dé, mo dà á nù, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ. Mo wá gbé e lọ sí ilé epo náà, mo ní kí wọ́n rọ lítà 5. Epo náà dúró sí ìsàlẹ̀ àmì mi ní nǹkan bí ìka mẹ́ta. N kò bá wọn jà. Mo sanwó, mo gbé kéègì mi, mo sì padà sí ibi tí èrò pọ̀ sí. Mo fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ 8.9 nínú ìwé, kò sì sí nínú ìṣirò mi mọ́. Láti ìgbà náà, ilé epo kan, ẹ̀rọ kan, ni mo ń lò, nítorí pé bí ó bá tilẹ̀ ń rẹ́ mi jẹ díẹ̀, iye kan náà ni yóò máa rẹ́ lójoojúmọ́, n ó sì lè fi ọjọ́ kan wé òmíràn.

Láti 1,702 dé 2,010, ó di 44.6. Láti ibẹ̀ dé nǹkan bí 2,600, kò kúrò lórí 45 mọ́, bí ó bá lọ sókè lónìí yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Ara ti là nìyẹn.

Ìtìjú kékeré kan wà láàárín tí ó yẹ kí n sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọyẹ́ mú gan-an, alùpùpù kì í sì í fẹ́ jí láàárọ̀ àfi kí n fa ṣóòkù, ìyẹn irin kékeré tí ó ń jẹ́ kí epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ fún ẹ́ńjìnnì tí ó tutù. Ọjọ́ kan mo fà á, mo di ìbọ̀wọ́ mi, mo dé akoto, mo sì gbéra. Ní Ìjàyè ni mo tó ṣàkíyèsí pé alùpùpù ń wúkọ́, èéfín dúdú sì ń tẹ̀ lé mi. Ṣóòkù náà ṣì wà ní ìdajì. Púlọ́ọ̀gì tuntun tí bàbá fi síbẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, mo sì ní láti fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Mo fi ọ̀já pupa kékeré kan so mọ́ irin náà lọ́jọ́ yẹn, òun sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ bàbá ní Ìsẹ́yìn, odindi àárọ̀ kan ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sì bẹ̀rẹ̀ láti ara kábúrétọ̀. Ó kọ́kọ́ gbé alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi ọwọ́ gbá táyà ẹ̀yìn kí ó yí. Ó yí ìdajì, ó dúró. Ó wò mí. Bíréèkì ẹ̀yìn ni ó ti ń mú un díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ní kí ẹnì kan fún un le nítorí ẹrù. Mo ti ń fi epo gun bíréèkì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmọ̀. Ó dẹ̀ ẹ́, ó tún gbá táyà, ó yí títí ó fi sú mi láti kà. Ṣéènì pẹ̀lú ti le jù, ó dẹ̀ ẹ́ kí ó lè mì sókè sódò ní nǹkan bí ìbú ìka méjì. Ó tú fílítà afẹ́fẹ́, eruku ọyẹ́ sì dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Fílítà tí ó dí bẹ́ẹ̀, ṣóòkù tí a kò rí ni: afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, epo sì ń pọ̀ jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù pátápátá, ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo orí àwọn fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ó sì rí i pé ọ̀kan ti há, èyí tí ó ní ó wọ́pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí ààyè rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó yí ìdè kábúrétọ̀. Ó jẹ́ kí n gùn ún yí ká ìlú kí ó gbóná, ó gbé eré ìdúró rẹ̀, ìyẹn eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá nígbà tí alùpùpù kò rìn, sókè díẹ̀, ó sì ń yí ìdè náà ní ìdámẹ́rin ìdámẹ́rin, ó sì ń dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́tí bí ẹni tí ń gbọ́ ìlù gángan. Nígbà tí ohùn ẹ́ńjìnnì ga jù tí ó sì dán, ó dúró níbẹ̀, ó wá dá eré ìdúró padà sísàlẹ̀. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rárá. Ó ní àwọn tí wọ́n ṣe é kò ya wèrè.

Láti 2,640 dé 2,968, lítà 6.7. Kìlómítà 49 lórí lítà kan. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ àṣìṣe tèmi níbẹ̀: ohun márùn-ún ni a ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wá. Ọkàn mi sọ pé bíréèkì àti fílítà ni ó ṣe púpọ̀ jù, kábúrétọ̀ ni ó ṣe kéré jù, nítorí pé ohun tí bàbá yí kò ju ìdajì ìyípo kan lọ.

Èyí tí mo dán wò lọ́tọ̀ ni táyà àti eré. Ọwọ́ fọkanáísà ni mo fi táyà sí tẹ́lẹ̀, ó kàn máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ra gééjì tèmi, mo ń fi afẹ́fẹ́ PSI 25 sí iwájú, mo sì ń fi 32 sí ẹ̀yìn nígbà tí mo bá ru ẹrù. Ohun tí ó mú wá kò tó kìlómítà kan lórí lítà, ṣùgbọ́n alùpùpù kò fì nínú kọ́ọ̀nà mọ́. Ti eré ni ó yà mí lẹ́nu. Mo gùn ún fún táńkì kan ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan níbi tí ọ̀nà bá ti gbà mí láyè, mo sì rí 42. Mo gun táńkì tí ó tẹ̀ lé e ní 60, mo rí 52. Alùpùpù kan náà, ọ̀nà kan náà, ẹrù tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Atẹ́gùn tí ń kọjú ìjà sí ènìyàn kì í pọ̀ ní ìwọ̀n tí eré fi pọ̀. Bí eré bá kúrò ní 60 bọ́ sí 80, agbára atẹ́gùn náà ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 42 àti 52 ju ohun tí èyíkéyìí nínú mẹkáníìkì méjèèjì ṣe lọ, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀, àfi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lórí ìrìn Ìsẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo bá pẹ́ jí, mo ṣì máa ń sá 80.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, iye náà tún sọ̀ kalẹ̀ sí 46 láìsí ìdí tí mo lè rí. Táyà dára, bíréèkì dẹ̀, púlọ́ọ̀gì ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà tí bàbá fẹ́. Ìgbà tí mo ń tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́yìn, tí ó ru irú ẹrù tèmi, ni mo tó rí i. Tapólì tí a fi ń bo aṣọ nítorí òjò ni: a dè é ní orí, a kò dè é ní ìdí, atẹ́gùn sì ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń wú bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fa alùpùpù padà sẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà. Mo gé rọ́bà tíúbù àtijọ́ sí mẹ́rin, mo sọ ẹrù náà kalẹ̀ kí ó má ga ju èjìká mi lọ, mo sì dè é mọ́ra gírígírí ní ìdí àti ní àárín. Táńkì tí ó tẹ̀ lé e gbé mi rin kìlómítà 320, lítà 6.6 ni ó sì gbà kí ó tó kún padà. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ni ó pín in: 48.5.